Ògiri Tí Mo Kùn Lọ́dà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìmọ́tótó kì í pa èèyàn lára, ẹ ní kó wá bi mí. Aṣọ ni mò ń tà, léèsì àti àǹkárá, èmi ọmọ Yorùbá tí àwọn òbí mi kó wá sí Oníṣà nílẹ̀ Ìgbò. Omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́ ní àdúgbò Okpoko, odindi ẹrù léèsì kan di ẹrẹ̀ lójú mi. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá lè ta àbàwọ́n sáṣọ, ọ̀tá mi ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ gba ilé àtijọ́ kan ní Woliwo, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá onílé fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó sọ fún mi pé ilé tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà ni nígbà ogun Bìáfírà. Ibẹ̀ ni òun àti ẹ̀gbọ́n òun ti ń ṣe ìkarahun irin fún ogbunigwe, àdó olóró tí wọ́n ń fi ètù àti irin àlòkù ṣe fúnra wọn. Ọ̀dọ́langba ni òun nígbà náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin ṣì wà ní igun ilé, ó wúwo ju ohun tí èèyàn mẹ́fà lè gbé. Àwọn tó ń ra irin àlòkù bẹ̀ ẹ́ títí kó tà á, ó kọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ kó tó kú ni kí ìjọba gba ilé náà, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, kí àwọn ọmọ tí kò mọ ogun lè máa wá wò ó.

Ìgbò la jọ ń sọ. Nna anyị, bàbá wa, ni mò ń pè é, bí gbogbo àdúgbò ti ń pè é, òun náà a sì máa pè mí ní nne, ìyá. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Oṣooṣù ni mò ń fi epo pa ẹ̀rọ náà kó má baà dípẹtà, mo sì rò pé mo ti ṣe tèmi.

Ògiri ẹ̀yìn ló ń bí mi nínú. Èédú ni wọ́n fi fa ìlà kún un láti òkè délẹ̀. Tí aṣọ funfun bá fara kàn án, ó tán. Bàbá ti ṣàlàyé ìlà wọ̀nyẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan. Oníbàárà wà níwájú mi lọ́jọ́ náà, mò ń wọn aṣọ, mo sì ń dá Bàbá lóhùn pé ó dáa, mo ti gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí lẹ́tà dé pé àwọn tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ fún ìjọba fẹ́ wá wo ilé náà, Bàbá wà lábúlé, ara rẹ̀ kò yá. Inú mi dùn fún un gidigidi. Lọ́dọ̀ ìyá mi, àlejò kì í bá ìdọ̀tí nílé. Ọdọọdún tí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ kan la máa ń kun ilé. Mo palẹ̀ ẹrù mọ́, mo ra ọ̀dà funfun, mo pe péńtà kó wá kun ògiri ẹ̀yìn. Nígbà tó kùn ún tí èédú ṣì ń yọjú, mo ní kó tún un kùn. Ni mo bá dúró síwájú ògiri, mò ń yin ara mi.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò ń bọ̀ ni Bàbá dé. Ó kí mi, ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó lọ tààrà sẹ́yìn. Kò pariwo. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ògiri, ó ń fi í wá nǹkan kiri. Ó tún sọ ìtàn àwọn ìlà náà fún mi, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fetí gbọ́ ọ. Ìlà kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń fà fún ìkarahun kọ̀ọ̀kan tó bá parí, lọ́wọ̀ọ̀wọ́ márùn-ún márùn-ún. Mẹ́ta péré ló fà lọ́jọ́ tí ètù gbiná tó pa á. Wọn kò rí òkú sin, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kankan.

“Ìlà mẹ́ta yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó wí. “Kò sí níbòmíràn mọ́.”

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé òun mọ̀ pé ire ni mo rò. Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn fún mi. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Àwọn àlejò dé, wọ́n fi sùúrù gbọ́ wa. Wọ́n ní irú ẹ̀rọ náà ti wà lọ́dọ̀ àwọn, ògiri tí Bàbá ti kọ̀wé sí àwọn nípa rẹ̀ ló gbé àwọn wá. Bí a bá lè tọ́ka sí ibi tí ìlà ìkẹyìn wà gan-an, bóyá àwọn lè rọra ha ọ̀dà kúrò níbẹ̀. Gbogbo ògiri kọjá agbára àwọn. Bàbá tọ́ka síbì kan, ó tún tọ́ka síbòmíràn. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó sì ti pẹ́ tí ẹrù mi ti dínà mọ́ ọn níbẹ̀. Ó yíjú sí mi.

“Nne, ìwọ lo ń wò ó lójoojúmọ́. Ibo ló wà?”

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wo ògiri yẹn. Tí ẹ bá fi léèsì kan hàn mí lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn ọdún méjì màá ṣì sọ irú òdòdó tó wà létí rẹ̀ fún yín. Mo wo ògiri, mo wo Bàbá, mo sọ fún un pé n kò mọ̀.