Ìràwọ̀ Méje tí Bàbá Ń Kà

“Òun nì yẹn! Ẹ wò ó lókè igi àràbà yẹn!”

Bàbá na ìka sí ìwọ̀-oòrùn, ìka náà kò sì gbọ̀n. Àwọn èèyàn tó kún orí àpáta Mápó hó yèè. Ẹnì kan ké “Àláhù Àkúbárù”, àwọn ọmọdé ń fò sókè, alápatà àdúgbò wa sì ń gbá àyà pé òun náà ti rí i, pé ó tín-ín-rín bí èékánná ọmọ tuntun. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà ní èjìká mi. Mo wo òkè igi àràbà náà. Mo wo apá ọ̀tún rẹ̀, mo wo apá òsì. Ọyẹ́ ti da eruku bo ìsàlẹ̀ ọ̀run, ó rí bí omi tí wọ́n fi ṣan igbá èlùbọ́. N kò rí oṣù kankan.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀ ni. Bí oṣù bá lé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ọdún ni lọ́la. Bí kò bá lé, a ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan sí i kí ó lè pé ọgbọ̀n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó bá mú kí àdúgbò jẹun ní ọjọ́ ààwẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo wọn wà. Ẹni tó bá sì mú kí wọ́n gbààwẹ̀ ní ọjọ́ ọdún, òun náà kò mọ́. Láti ayé ogun, kí Òyìnbó tó wá jókòó sí Àgodi, Bàbá ni ẹlẹ́rìí oṣù fún àwa ará Bẹyẹrúnkà. Ohun tó bá ti rí, àdúgbò ti rí i nìyẹn.

Bàbá yìí ló bí bàbá mi. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, nítorí kò sí ẹni tó ń pè é lórúkọ nínú agbo ilé wa. Mo ti tó ọmọ ọdún méje kí n tó mọ̀ pé ó ní orúkọ. Iṣẹ́ tẹ̀sùbáà ni ó ń ṣe. Èésan èkùrọ́ ni ó fi ń ṣe é. Á gé e wẹ́wẹ́, á fi òkúta yí i kí ó lè rí róbótó, á wá fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó dá a lu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọrun kékeré kan ló fi ń yí irin náà, ìró rẹ̀ sì máa ń bá oorun ọ̀sán mi lọ: kùrùkùrù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kùrùkùrù. Òórùn èésan tó ń jó díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu irin náà kò kúrò lára aṣọ rẹ̀ rí, àti òórùn àdín tó fi ń pa wọ́n kí wọ́n lè máa dán. Kì í wo iṣẹ́ náà púpọ̀. Á gbé ojú sókè sí àwọn tó ń kọjá lọ sí Ọjà'ba, á máa kí wọn, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ó mọ iṣẹ́ dé egungun. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Lónìí, n kò mọ ìgbà tí ìmọ̀ọ́ṣe parí tí àìríran sì bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣínu, tí a bá ti mu ògì tán, á pè mí sí àgbàlá. Á ní kí n kẹ̀yìn sí iná ìdáná, kí n di ojú fún ìgbà díẹ̀, kí òkùnkùn lè wọ̀ ọ́. Nígbà yẹn ni à ń wo àwọn ìràwọ̀ tí kì í ṣe ẹyọ kan. Ó ní ìràwọ̀ ẹlẹ́yọ kan kò nira, ọmọ ọwọ́ pàápàá lè nàka sí i. Àwọn tó kó ara jọ ni ọ̀rọ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù lọ ni Àgbébọ̀ Àtọmọ, ìdìpọ̀ ìràwọ̀ kéékèèké tó máa ń wà ní ìlà-oòrùn lókè òrùlé koríko wa lásìkò ọyẹ́, bí adìyẹ tó kó ọmọ mọ́ra. Nísàlẹ̀ rẹ̀, tí a bá dúró díẹ̀, àwọn mẹ́ta kan máa ń tò jáde lórí ìlà kan. Ohun funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó rí bàìbàì. Ẹ̀gbọ̀n òwú ni Bàbá ń pè é.

“N kò rí ẹ̀gbọ̀n òwú kankan, Bàbá.”

“O ń ranjú mọ́ ọn ni. Ìyàwó tuntun ni. Bí o bá ranjú mọ́ ọn, á bo ojú. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò bìkítà, á ṣí ìborí fúnra rẹ̀.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yọ. Títí di òní, ọ̀nà kan tí mo mọ̀ nìyẹn.

Àgbébọ̀ náà ni àwọn àgbà àdúgbò wa fi ń dán ojú wò. Ẹni tí kò bá lè ka ọmọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́rìí oṣù. Méje ni Bàbá ń kà, méje náà ni mo ń rí nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́. Ọ̀rọ̀ wa kì í yàtọ̀. Á gbójú sókè, á ní, “Méje pé.” Èmi á dáhùn pé, “Méje pé, Bàbá.” Á wá wọlé lọ ṣe àlùwàlá.

Ó kù bí ọjọ́ mẹ́jọ kí ààwẹ̀ parí ni ọyẹ́ dé. Ètè ń bẹ́, ewé gbígbẹ ń ró lórí ilẹ̀, oòrùn ọ̀sán pàápàá sì funfun bí owó ẹyọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, márùn-ún péré ni mo kà. Bàbá gbójú sókè.

“Méje pé.”

Mo tún kà á. Márùn-ún. “Méje pé, Bàbá.”

N kò rò ó pé irọ́ ni mo pa. Ohun tí mo rò ni pé ojú Bàbá dára ju tèmi lọ. Ta ni èmi tí n ó fi márùn-ún lé méje àgbàlagbà? Ní ọjọ́ kẹta, ó ku mẹ́rin. Bàbá sọ méje, mo sọ méje. Ní ọjọ́ kẹfà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé ibi tí Àgbébọ̀ wà ní oṣù tó kọjá ni ó ń kọjú sí, kì í ṣe ibi tó wà ní alẹ́ yẹn. Mo pa á mọ́ra. Mo ṣì sọ méje.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ láti Mápó lọ sí ojúde mọ́sáláṣí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, kí wọ́n tó lè kéde ọdún. Wọ́n kọ́kọ́ kírun. Nígbà tí a jáde, ilẹ̀ ti ṣú, ìràwọ̀ ti yọ. Lèmọ́mù jókòó sórí ẹní, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbẹ́sẹ̀ lórí ẹyin. Òfin ni pé ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà. Ó kọ́kọ́ pe alápatà.

“Ìwọ náà rí i?”

“Mo rí i kedere, Lèmọ́mù.”

“Ìwo rẹ̀ kọjú sí ibo?”

“Ìwo kẹ̀? Ìwo màálù ni mo mọ̀, ẹ̀yin náà.” Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Alápatà wo Bàbá. “Ibi tí Bàbá wí náà ló kọjú sí.”

“Bàbá kò tíì wí nǹkan kan.”

Ẹ̀rín tún sọ. Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ̀wà tí mo rẹ sómi ti fẹ́ hù o, ẹ tètè sọ fún wa!” Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé ikùn rẹ̀ ni ó rí oṣù.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ èjìká mi. “Bí ẹ̀rí mi kò bá tó mọ́, ẹ bi ọmọ yìí. Ojú kan náà ni èmi àti òun fi ń wò.”

Lèmọ́mù dìde, ó sún mọ́ wa, ó lóṣòó níwájú Bàbá kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ta ni yóò pè yín lónírọ́ ní Bẹyẹrúnkà yìí? Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í jẹ́rìí oṣù, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ wa pé ká máa fi Àgbébọ̀ dán ojú wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ rí sí mi létí, kí ọmọ náà sọ tirẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, ọdún ni lọ́la.”

“Èyí náà le?” ni Bàbá wí. Ó gbójú sókè, kò pẹ́ rárá, ó tẹ̀ sí etí Lèmọ́mù.

Mo mọ iye tó sọ bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Lèmọ́mù wá bẹ̀rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. Etí rẹ̀ ń rùn tùràrí. Mo wo òkè. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ìdìpọ̀ náà bí wọ́n ti kọ́ mi, mo dúró, mo tún wò ó. Mẹ́rin. Mo gbìyànjú kí n rí ẹ̀karùn-ún, n kò rí i. Ọwọ́ Bàbá ṣì wà ní èjìká mi, ó gbóná, kò tẹ̀ mí. Bí mo bá sọ méje, àdúgbò á gbàgbọ́, wọn á sì jẹun lọ́la lórí ìràwọ̀ mẹ́ta tí kò sí. Bí mo bá sọ mẹ́rin, Lèmọ́mù á mọ̀ pé láti inú ìrántí ni Bàbá ti kà á. Kò sí iye kẹta tí mo lè sọ. Mo wá a.

“Mẹ́rin.”

Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ gbójú sókè. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà. Ó pẹ́ kí ó tó yíjú sí àwọn èèyàn.

“Ọyẹ́ yìí ti pọ̀ jù. A ó gba ọgbọ̀n pé.”

Kò sọ iye kankan jáde. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìyẹn títí di òní. Àwọn èèyàn kùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í túká. “Ẹran tí mo ti pa ńkọ́?” ni alápatà ń ké. “Fi jẹ sààrì!” ni wọ́n dá a lóhùn.

A gba ẹ̀gbẹ́ kànga àdúgbò lọ sílé. Èmi ń ka ìṣísẹ̀ wa kí n má bàa sunkún.

“Mélòó lo sọ?”

“Mẹ́rin, Bàbá.”

Ó dúró. “Láti ìgbà wo ni wọ́n ti jẹ́ mẹ́rin?”

“Láti ọjọ́ kẹta tí ọyẹ́ ti dé. Márùn-ún ni ní ọjọ́ kìíní.”

“Ìwọ sì ń bá mi kà á ní méje.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Mo ń retí ìgbátí. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò ní èjìká mi. “Èmi ni ìbá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ,” ló sọ, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ̀ bóyá èmi ló ń bá wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, oṣù yọ. Ó ga, ó sì nípọn. Àwọn kan sọ pé oṣù ọjọ́ méjì ni, pé Bàbá ló ti tọ̀nà. N kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Lẹ́yìn tí mo ti lọ ilé-ìwé, tí mo sì ti gboyè ní Sàró, mo rí ìwé kan tí wọ́n ti ṣírò ìrìn oṣù sí, mo sì fi alẹ́ mẹ́ta ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tó fi hàn mí ni pé oṣù lè ti wà lókè ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, nísàlẹ̀ pátápátá. Bóyá ojú èèyàn lè rí i nínú eruku náà, ìwé kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò rí ìràwọ̀ kéékèèké sì lè rí oṣù, ó ṣeé ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà ni pé, ká ní mo ti sọ márùn-ún ní ọjọ́ kìíní, Bàbá ì bá ti mọ̀ pé ojú òun ti lọ, kì bá sì ti gun àpáta rárá. Kò gùn ún mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí ẹni tó lé e. Òun ló sọ pé orúnkún ń dun òun.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Sàró máa ń sọ pé n kì í bẹ̀rù láti ta ko olùkọ́ níwájú kíláàsì. N kò ka ìyẹn sí ìgboyà. Níwájú èrò, òtítọ́ kò nira púpọ̀ fún mi. Àgbàlá ilé ni ó ti ń nira, níbi tí ẹni tí a fẹ́ràn ti gbójú sókè, tí ó sì ń dúró kí a sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá tó bí mi ti ń darúgbó báyìí. Òwú ni ó ń tà fún àwọn ahunṣọ ní Ọjà'ba. Ní oṣù tó kọjá, ó gbé ìdì méjì lé mi lọ́wọ́ nílé, ó ní, “Dúdú kan náà ni méjèèjì yìí, àbí?” Ọ̀kan dúdú. Aró ni èkejì. “Bẹ́ẹ̀ ni” ti dé ẹnu mi.

“Rárá, Bàbá. Wọn kò bára mu.”

Ó gba òwú rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ní gbogbo ọ̀sán náà, kò jẹ nínú oúnjẹ tí mo gbé wá, mo sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń ronú pé bóyá mo tún ti ṣe é. Lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, ó pè mí wọlé. Ìdì méjèèjì wà lórí ẹní níwájú rẹ̀.

“Èwo nínú wọn,” ló ní, “ni aró?”