Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Táátù Mi Ní Làálì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nílé wa ní Kàdúná, ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó àbúrò mi. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́, ojú ló ń tì mí.

Ẹ̀yin tó ń wo fótò mi mọ bí mo ṣe rí. Táátù ni láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀: òdòdó, ewé, ẹyẹ, ẹja. Ojú mi nìkan ni abẹ́rẹ́ ò tíì dé. Èmi ni mò ń mú iná lọ́wọ́ jó lórí ìtàgé ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì, tí mo sì ń wọ aṣọ ya fótò fún àwọn aránṣọ Àbújá àti Èkó. Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù ni pé, àwọn òbí ẹ ńkọ́? Ó dáa, ẹ gbọ́ ti àwọn òbí mi.

Àáfà ni bàbá mi. Ará Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n àdúgbò Bàdàráwà ní Kàdúná ni wọ́n bí gbogbo wa sí, inú ọgbà ilé wa níbẹ̀ ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ẹ wá rò ó wò. Àáfà tí gbogbo àdúgbò ń mú ọmọ wá bá, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin lọ ya ẹja sọ́rùn!

Làálì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Hájíà Hausa kan tó jẹ́ aládùúgbò wa ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi làálì ya òdòdó sí ìyàwó lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, mi ò tíì jáde ilé ẹ̀kọ́ gírámà nígbà náà. Ọwọ́ mi yá sí i. Ohun tó kàn ń bí mi nínú ni pé ó máa ń ṣí. Màá tẹ̀ba títí ẹ̀yìn á fi dùn mí, kó tó pẹ́, omi ìfọṣọ á ti gbé òdòdó mi lọ. Ìgbà tí mo dé Àbújá tí mo rí ọkùnrin kan tó ń fi abẹ́rẹ́ ya èyí tí kì í ṣí, mo mọ̀ pé mo ti débi tí mò ń lọ. Mo ya òdòdó tèmi sórí bébà, ó fi í sí mi lápá.

Láti orí ẹyọ kan ó di apá kan, ó di apá méjèèjì, ó di ara. Ayafótò kan rí mi, ó ní kí n wá dúró fún òun. Ẹgbẹ́ oníjó kan rí fótò náà, wọ́n béèrè bóyá mo lè jó. Èmi ọmọ Kàdúná! Bí mo ṣe dé orí ìtàgé nìyẹn, mi ò sì tíì sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá mi ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ìyá ọmọ kéwú kan ló fi fótò mi hàn án lórí fóònù. Ó wò ó, ó dá fóònù padà. Ìyá mi ló pè mí, ó ní bàbá ní òun ò mọ ojú tí òun ó fi máa sọ fún ọmọ ọlọ́mọ mọ́ pé kó bo ara rẹ̀. Láti ìgbà náà, tí mo bá kí i, ẹnu ìyá mi ni ìdáhùn ti ń wá. Mi ò yà sílé mọ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Mò ń rẹ́rìn-ín nínú fótò, mò ń sunkún nínú yàrá.

Àfi bí àbúrò mi Kúdírátù ṣe pè mí pé òun fẹ́ ṣe ìyàwó. Ó ní, "Sísítà mi, wàláì, tí ẹ ò bá wá, mi ò ní í lé làálì kankan. Na so I talk am." Ó lọ bá bàbá wa, ó sunkún títí bàbá fi gbà. Ṣùgbọ́n bàbá ní kí n bo ara mi pátá, kí n wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀, kí n jókòó sí yàrá ìyá mi. Tí ẹbí ọkọ bá sì béèrè mi, kí wọ́n sọ pé àlejò láti Àbújá ni mí.

Àlejò! Nílé tí wọ́n bí mi sí! Ìbọ̀wọ́ ò dùn mí, ṣé ẹ gbọ́? Ọ̀rọ̀ àlejò yẹn ló dùn mí. Mi ò retí kí bàbá mi fẹ́ràn táátù láyé. Mo kàn fẹ́ kó pè mí lọ́mọ níṣojú èèyàn.

Mo lọ ṣá. Mo sọ̀ nínú rélùwéè ní Rìgásà, mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Bàdàráwà, mo kó sínú híjáàbù àti ìbọ̀wọ́ dúdú nínú ooru tó lè bọ ẹyin. Mo jókòó sí yàrá bí wọ́n ṣe wí. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin ní pálọ̀, torí ọjọ́ làálì ni. Wọ́n ti po làálì sílẹ̀, wọ́n ń retí obìnrin tí wọ́n bẹ̀ pé kó wá yà á, kò dé. Nígbà tó yá ó ránṣẹ́ pé ara ọmọ òun ò yá.

Nígbà tí àkókò ìrun Àsárì tó, mo yọ́ jáde lọ sẹ́yìn ilé láti ṣe àlùwàlá. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo ká apá aṣọ sókè, mò ń da omi. Ibẹ̀ ni Ìyá Ògìdì bá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló dé láti Ìlọrin, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ ọ̀rọ̀ mi fún un.

Ó dúró. Ó ní, "Máṣáálà. Ta ló ya làálì yìí fún ọ?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà..." Ta ló fẹ́ gbọ́? Ó ti gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ń fà mí lọ sí pálọ̀. Ó ní kí gbogbo wọn wá wo ohun tí wọ́n ń pè ní làálì, pé wọ́n jókòó ń retí ẹni tí kò wá nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n yà wà nítòsí. Ó tutọ́ sí ìka, ó fi ra apá mi. "Ẹ wò ó, kò ṣí rárá. Kí ni wọ́n pò mọ́ ọn?"

Ìyá mi ń wo ẹní. Àwọn ìyá ọmọ kéwú ń wo ara wọn. Kúdírátù ti ki ìbòrí bọ ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín.

Kí ni kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe làálì. Abẹ́rẹ́ ni. Kò ní ṣí."

"Tí wọ́n bá ń wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ ikú ńkọ́?"

"Á ṣì wà níbẹ̀, mà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní àṣìṣe ńlá ni mo ṣe, pé ẹ̀sìn wa ò fẹ́ ẹ, òun náà ò sì fẹ́ ẹ. Mo ti ń múra àtisunkún nígbà tó tún gbé apá mi, tó ń wò ó. Ó ní, "Ta ló ya òdòdó yìí gan-an, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ sí i?"

"Èmi ni, mà."

"Kí lo wá ń ṣe ní yàrá? Ìyàwó jókòó láìní làálì, o wà níbẹ̀ o wọ ìbọ̀wọ́ bíi dókítà. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Jókòó."

Ẹ̀rín ta ní pálọ̀. Mo jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ àbúrò mi lé itan, mo ki làálì sínú ọ̀rá kékeré tí mo gé lẹ́nu, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò ní í gbàgbọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ní kí n ṣe tòun náà. Obìnrin tó fi fótò mi han bàbá mi ni! Ó ní kí n jọ̀ọ́, òdòdó ni kí n yà fún òun o, kì í ṣe ẹja.

Ibi tí a wà nìyẹn tí mo gbọ́ "Sàláàmù aléékù." Bàbá mi ni, òun àti ìyá ọkọ ìyàwó tó wá kí wa láti Rìgásà. Ìbọ̀wọ́ ò sí lọ́wọ́ mi. Gbogbo apá mi wà níta. Ìyá ọkọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ Kúdírátù, ó ní, "Kai, Àáfà, ibo lẹ ti rí onílàálì yìí? Àbí òun ni àlejò yín láti Àbújá?"

Ìyá Ògìdì fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá mi gbọ́wọ́ sókè sí i. Ó wo apá mi, ó wo ojú mi.

Ó ní, "Kì í ṣe onílàálì, kì í sì í ṣe àlejò. Múlíkátù ni. Àkọ́bí mi ni. Ohun tó fi sára, èmi ò fẹ́ ẹ, mo ń gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni."

Ó yíjú, ó jáde. Omijé mi kán sórí làálì, Kúdírátù sì ń pariwo pé mò ń ba ẹsẹ̀ òun jẹ́. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n so yìgì, ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo jókòó sí.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ti dán mọ́rán o. Bàbá mi ṣì ń bẹ̀ mí pé kí n má fi kún un. Èmi náà ò tíì fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, àwọn aránṣọ kan ní Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú mi fún fótò aṣọ wọn tuntun ni. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń pè mí ní Jímọ̀ báyìí, a sì máa ń pẹ́ lórí fóònù.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tí kò fẹ́ ohun tí o ṣe lè fẹ́ ìwọ fúnra rẹ. Ẹ̀yin òbí, ẹ lè bá wa jà, ẹ kàn má pè wá lálejò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló pè yín lọ́mọ lọ́jọ́ tí ẹ rò pé kò ní í ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí a bá yín yọ̀. Ẹni tí wọn ò sì tíì pè, kó kọ tirẹ̀ náà. A ó jọ ṣe àmín sí i.