Uncle Jẹ̀lílì àti Ìyàwó Inú Àpótí

Gbogbo Peckham ló gbọ́ pé Uncle Jẹ̀lílì fẹ́ àlùjànnú níyàwó. Àwọn kan ní láti Ìbàdàn ló ti gbé e wá sí London, pé ìdí nìyẹn tí ẹrù rẹ̀ fi wúwo lọ́jọ́ tó dé. Àwọn mìíràn ní Old Kent Road níbí ló ti rí i he, láàárín àwọn ẹrù tí ilé ìtajà kan dà síta. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé ni pé inú àpótí dúdú kan, lábẹ́ àtẹ̀gùn mọ́sálásí, ni obìnrin náà ń gbé.

Alhaji Yaqub, akọ̀wé mọ́sálásí, ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà jáde. Ọ̀sán kan báyìí, òjò ń rọ̀ bíi pé wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un ní kọngílá, Alhaji sì wọlé wá mú agbòjò tó gbàgbé. Ìdí Uncle Jẹ̀lílì nìkan ló rí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Orí rẹ̀ ti wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi, olólùfẹ́?" ni Uncle Jẹ̀lílì ń wí jẹ́jẹ́ sínú àpótí.

Ohùn obìnrin sì dáhùn láti inú àpótí: "Mò ń gbọ́ yín. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i."

Ohun tó ba Alhaji lẹ́rù jù, bó ṣe sọ ọ́ lẹ́yìn náà, ni pé àlùjànnú náà ní ẹ̀kọ́ ilé. Kò dúró mú agbòjò mọ́. Àárín títì ni wọ́n ti rí i pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán, tí dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ń fun fèrè mọ́ ọn. Títí dòní, ó ní bọ́ọ̀sì lòun ń lé. Bọ́ọ̀sì wo lèèyàn ń lé tí yóò fi bàtà sílẹ̀ fún ìyàwó oníyàwó?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Nusaybah, ọmọ àbúrò Uncle Jẹ̀lílì tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Kúbúrá, tọ́ dàgbà, ó rẹ́rìn-ín títí òsúkè fi mú un. Lẹ́yìn náà ló kọ "Ìyàwó Kékeré" sórí bébà gàdàgbà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí náà lórí. Ó rò pé Uncle yóò bínú. Uncle nu dígí ojú rẹ̀, ó kà á tán, ó tún un lẹ̀ kí ó má baà wọ́.

"Fi sílẹ̀," ó ní. "Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń yọ wáyà ẹ̀ láti fi ṣájí fóònù. Ẹni tó bá tún fẹ́ yọ ọ́, kó kọ́kọ́ kí i."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ṣájí fóònù níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí Uncle Jẹ̀lílì ń ṣe gan-an kò rọrùn láti ṣàlàyé fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwọn router, tí àwọn iléeṣẹ́ ti jù nù ló máa ń ṣà jọ, yóò nu inú wọn, yóò sì fi Linux tuntun, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, sí wọn. Ṣùgbọ́n kernel, tó jẹ́ ọba inú irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀, afọ́jú ni. Kò mọ ohun tó wà láàfin ara rẹ̀. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ jókòó kọ ọ́ fún un: ojú wáyà wo ló wà níbẹ̀, ara kí ni wọ́n so ó mọ́, àdírẹ́sì rẹ̀, bó ṣe ń yára tó, orúkọ tó ń jẹ́, àti ipò tó wà, okay ni tàbí disabled. Ìgbà náà làwọn dírẹ́bà abẹ́ kernel tó máa mọ ẹni tí wọ́n ń lọ gbé.

Oríkì ni Uncle Jẹ̀lílì ń pe ìwé náà. "Ẹ̀rọ tí a ò bá kì, orí ẹ̀ ò ní wú," á wí, "iná ẹ̀ náà ò sì ní tàn." Bí ó bá fo ìlà kan, tí àpótí náà sì dákẹ́ lọ gbári, kì í bá a jà. Á kàn mi orí. "Mo fo orúkọ ìyá ẹ̀ ni. Nusaybah, tí wọ́n bá fo orúkọ ìyá tìẹ náà, ṣé wàá dá wọn lóhùn?"

Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni ojú rẹ̀ rí o. Lọ́jọ́ tí Abdulqoyyum wọ kóòtù wá sí ilé wọn ní Nunhead láti wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ Nusaybah, Uncle kò tilẹ̀ jẹ́ kó gbé èso tó rà wá kalẹ̀.

"Ta ló bí ẹ?"

"Ìdílé Oyèwọlé ni, sir, ní Òṣogbo."

"Ara ta lo so mọ́ báyìí?"

"Lewisham ni mò ń gbé, sir. With my mum."

"Báwo lo ṣe ń yára tó?"

"Ẹ jọ̀ọ́ o, Daddy," Àǹtí Kúbúrá kígbe láti ibi ìdáná, "ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe router!"

Uncle Jẹ̀lílì kò wẹ̀yìn. "Ipò ẹ ńkọ́?"

"I'm okay, sir," ni Abdulqoyyum wí, òógùn sì ti bò ó.

"Okay náà ni gbogbo wọn máa ń kọ," Uncle dáhùn, "títí a ó fi ki wáyà bọ̀ ọ́."

Àpótí abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ló fẹ́ràn jù. Ilé ìkẹ́rùsí ni mọ́sálásí náà tẹ́lẹ̀, páànù ni gbogbo ògiri rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í wọbẹ̀. Uncle Jẹ̀lílì wá ṣètò àpótí náà fún àwọn tí kò lè jáde: aláìsàn, abiyamọ, àti àwọn opó tó wà nínú iddah, tí ẹ̀sìn ní kí wọ́n jókòó sílé lẹ́yìn ikú ọkọ. Àpótí á gbé ohùn lémọ́ọ̀mù lọ bá wọn nílé, á sì gbé tiwọn padà wá, kí wọ́n lè béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì ṣe àmín. "Ẹni tí kò bá lè wá àdúrà wá," á wí, "àdúrà á wá a lọ."

Àpótí àkọ́kọ́ tó ṣe fún iṣẹ́ náà, Alhaji Yaqub ló da tíì lé e lórí. Ó kú pátápátá. Uncle gbé e sórí pẹpẹ ìwé mọ́sálásí tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó sì kọ oríkì fún òmíràn. Ibẹ̀ ni Nusaybah ti rí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí rí ní yunifásítì. Lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà gígùn tó ń jẹ́ lórúkọ, ẹ̀rọ méjì kì í sì í jẹ́ ọ̀kan náà. Orúkọ òkú ni Uncle kọ sínú oríkì alààyè.

"Uncle, ẹ ò lè ṣe báyẹn now! Orúkọ ẹni tó kú nìyẹn."

"Kí wọ́n tó bí mi, ta ló kú nílé wa?"

"Grandpa yín."

"Kí ni wọ́n wá sọ mí?"

"Babátúndé."

"Ṣé èmi àti bàbá àgbà jà lórí ẹ̀?"

"Wọ́n ti kú, Uncle!"

"Ẹ̀n-hẹ́n," ni Uncle Jẹ̀lílì wí, ó sì ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. "Èyí náà ti kú."

Oṣù January ni Uncle Jẹ̀lílì fúnra rẹ̀ kú, lọ́jọ́ kan tí ilẹ̀ kò mọ́ dáadáa kó tó tún ṣú. Orí àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin ni ọkàn rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, àpótí kan wà ní abíyá rẹ̀. Nunhead wá dákẹ́. Gbogbo àwọn àpótí inú pálọ̀ jókòó láìtaná, bí ẹbí tó wá kí ni tí kò mọ ohun tí yóò sọ. Àǹtí Kúbúrá, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, wà nínú iddah, ó kàn ń ká aṣọ tí ó ti ká.

"Mi ò ní lè lọ síbi fídáù ọkọ mi," ó sọ fún Nusaybah. "Mi ò béèrè púpọ̀. Ṣáà jẹ́ kí n gbọ́ kí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ sí àdúrà."

Lọ́jọ́ fídáù ní mọ́sálásí, ohùn inú àpótí kọ̀. Á wá, á lọ. Nusaybah jáde sínú òjò láti fi fóònù pe Nunhead.

"Ó ń já, ọmọ mi," ni Àǹtí Kúbúrá wí. "'Bísímí' nìkan ni mo gbọ́."

Inú ilé ti dàrú kó tó padà. "Ṣebí mo sọ!" ni Alhaji Yaqub ń pariwo. "Ìyàwó kékeré ló ń ṣọ̀fọ̀! Ẹ gbé e sọnù ká rí àdúrà ṣe!" Àwọn kan tilẹ̀ ti ń wá ẹni tí yóò gbé e. Kò kúkú sẹ́ni tó yọjú.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí wò ó ná," ni lémọ́ọ̀mù wí. "Ṣùgbọ́n a ò lè dúró pẹ́ o."

Nusaybah ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń pín wáyà ń ké pé orúkọ kan náà ń jẹ́ ìpè lójú ọ̀nà kan, ó tún ń jẹ́ lójú ọ̀nà mìíràn, kò mọ èwo ni kó gbé ohùn fún. Ọmọbìnrin náà tẹ̀lé wáyà kejì. Ó gbé e dé ọ́fíìsì akọ̀wé. Lábẹ́ tábìlì, àpótí àkọ́kọ́ ló jókòó síbẹ̀, àbàwọ́n tíì ṣì wà lára rẹ̀, iná rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú. Tíì tó pa á ti gbẹ. Òkú ti jí.

"Alhaji, ta ló gbé eléyìí síbí?"

Alhaji wo àjà. "Èmi ni. Mo ní kí n fi èyí tí kò ní nǹkan nínú rọ́pò èyí tó ní nǹkan nínú."

"Ẹ ò wá yọ èyí tó ní nǹkan nínú?"

"Ta ni yóò yọ ọ́?" ni Alhaji béèrè. "Èmi?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Nusaybah, kò sì mọ ìgbà tó di ẹkún. Àfi bíi kí Uncle wà níbẹ̀, kó gbọ́ bí òun àti bàbá àgbà ṣe wá jà níkẹyìn. Ó di wáyà àpótí tí Uncle kọ́kọ́ kọ oríkì fún mú, kò yá a lára láti fà á. Ó fà á. Iná náà kú.

Ó lọ kúnlẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn. "Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

Gbogbo ilé na ọrùn sí abẹ́ àtẹ̀gùn.

"Mò ń gbọ́ ẹ," ni ohùn kan wí láti inú àpótí. "Sún mọ́ mi díẹ̀ sí i."

Lẹ́yìn Nusaybah, Alhaji Yaqub di irin àtẹ̀gùn mú. Ó mọ ohùn náà.

"Ìdí sítóòfù níbí ni mo máa ń jókòó sí tí Daddy bá ń dán an wò," ni ohùn náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó ní kí n má sọ fún ẹnì kankan, kí wọ́n má baà tún máa ṣájí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀. Mo ti jókòó."

Lémọ́ọ̀mù pe orúkọ náà ketekete: Jẹ̀lílì Babátúndé. Wọ́n tọrọ àforíjìn fún un, wọ́n ṣe àmín, ilé sì dákẹ́. Nígbà náà ni àmín kan ṣoṣo, tó pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Àǹtí Kúbúrá ni obìnrin inú àpótí. Kò sí òmíràn rí.