Àwọn Ìdérí Wíìlì Bàbá Rúlà

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Rúlà fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní iṣẹ́ ọwọ́, kò sì sí ohun tí ó rí tí kì í wọ̀n. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, orúkọ náà bá a délé, ìyàwó rẹ̀ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Agbẹ̀bí ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ jìnnà tó ogójì kìlómítà, pápá gbalasa ló sì wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà ibẹ̀. Atẹ́gùn a máa dojú kọ ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkọ̀ tirẹ̀ ti gbó, ó ń mu epo bí ọ̀mùtí. Bàbá Rúlà ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ó ní rìímù wíìlì tí ó kún fún ihò ń gbá atẹ́gùn bí abẹ̀bẹ̀ ni. Bí òun bá fi ohun pẹlẹbẹ tí ó ń dán bò ó, atẹ́gùn yóò yọ̀ kọjá lára rẹ̀, epo yóò sì pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ó gbé páànù alumíníọ̀mù kalẹ̀, ó fi ìṣó kan àti okùn fa òbìrìkìtì mẹ́rin sí i, ó gé wọn, ó sì ha etí wọn títí tí wọn kò fi lè gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó lu ihò kékeré kọ̀ọ̀kan síbi tí wọn yóò máa gbà fún táyà ní atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà ni ó fi bébà oníyanrìn dán wọn, títí ó fi ń rí irùngbọ̀n ara rẹ̀ nínú wọn. Ike mẹ́ta mẹ́ta ni ó fi há wọn mọ́ rìímù.

Ìyá Ìbejì yí ọkọ̀ náà po. "Ṣé ọkọ̀ nìyí, àbí àwo mẹ́rin tó ń gbé àpótí?"

"Máa fi mí ṣẹ̀sín. Ìwọ náà lo máa gbádùn ẹ̀."

Bàbá Rúlà ya fọ́tò iṣẹ́ náà, ó fi ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì wọn, ẹni tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí. Mẹkáníìkì náà tẹ èsì padà láìfi àmì ohùn kankan sí i: "O dara gan-an Tisa. E de e daadaa ki won to gbe e jade."

Bàbá Rúlà kà á pé kí òun dé e dáadáa. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀, nítorí ó ti dé e ná. Ṣùgbọ́n onímọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó wá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi dí etí ìdérí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yíká, títí èèrà kò fi rí ibi gbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ìbejì wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Kò ju wákàtí kan lọ tí mẹkáníìkì náà gun alùpùpù rẹ̀ dé.

"Ẹ káàárọ̀ o, Tíṣà. Mo ní kí n wá wo iṣẹ́ yẹn. Wáyà wo lẹ fi dè é?"

"Wáyà kẹ̀? Rọ́bà ni mo fi dé e."

"Rọ́bà ò lè dè é, Tíṣà. Tó bá gbóná, á já."

"Kí ló máa já? Mo ní mo dé e. Èèrà gan-an ò lè wọlé!"

Mẹkáníìkì náà ṣí àṣíborí rẹ̀. "Tíṣà, kí ẹ dè é ni mo wí. Kí ẹ so ó mọ́ rìímù! Ike yẹn ò lè dá nǹkan kan dúró."

"O ò sì fi àmì sí i!"

"Fóònù mi ò ní àmì, Tíṣà!"

Bàbá Rúlà rántí pé ìyàwó òun ti gbé ọkọ̀ náà lọ. Páànù tí ó bá fò kúrò lára ọkọ̀ tó ń sáré kò yàtọ̀ sí àdá tí ẹnìkan jù. Bí ó bá lọ bá ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá kó sábẹ́ táyà Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Ó bọ́ sẹ́yìn alùpùpù, ó di mẹkáníìkì náà níbàdí mú, wọ́n sì forí lé ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Gbogbo ohun tí ó bá kọ mànà létí títì, "Dúró!" ni Bàbá Rúlà ń wí. Wọ́n dúró nítorí ìgò. Wọ́n dúró nítorí ìdérí agolo ọ̀dà.

"Ọ̀rá nìyẹn, Tíṣà."

"Ṣáà dúró ná."

Nígbà tí wọ́n wọ ọgbà ilé ìwòsàn, wọ́n rí ọkọ̀ náà lábẹ́ igi. Ìhòhò ni wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Bàbá Rúlà yí ọkọ̀ náà po, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ aláboyún kan tó ń rọbí, kò sì sẹ́ni tó lè pè é.

Ó pẹ́ kí Ìyá Ìbejì tó jáde, ó ń nu ọwọ́. "Bàbá Rúlà! Ta ló kú?"

"Ìdérí dà?"

"Ẹ ò rí i? Ẹ bèèrè ìdérí, ẹ ò bèèrè èmi."

"Ìwọ ni mo ń wò yìí, o pé. Ṣé kò bá ẹnikẹ́ni?"

Ìyá Ìbejì rí ojú ọkọ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rín mọ níwọ̀n. "Mi ò tíì kúrò ní àdúgbò tí mo gbọ́ ọ tó ń dún gbàgà gbàgà, bí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Mo páàkì, mo bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n wà nínú búùtù. Ẹ dákẹ́ ariwo, ìkókó ń sùn nínú ilé."

Mẹkáníìkì ṣí búùtù. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lérí ara wọn, táwẹ́ẹ̀lì láàárín wọn kí wọ́n má baà ha ara wọn. Bàbá Rúlà gbé ọwọ́ lé ti òkè, ó mí kanlẹ̀.

"O ṣeun, ìyàwó mi. O ṣeun gan-an."

"Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú yín, ó gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń to nǹkan."

Mẹkáníìkì kó irinṣẹ́ àti wáyà jáde nínú àpò rẹ̀. Wọ́n lu ihò sí etí ìdérí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi wáyà dè wọ́n mọ́ rìímù níbi mẹ́rin mẹ́rin. Mẹkáníìkì fi gbogbo agbára fà wọ́n, wọn kò mira. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Rúlà bá ìyàwó rẹ̀ wọkọ̀ padà sílé, ó tẹ́tí sílẹ̀ gidigidi. Atẹ́gùn ń fẹ́ lórí pápá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dún lára wíìlì. Kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà, ó ti sùn lọ. Ìyá Ìbejì rọra dín eré kù, kí orí rẹ̀ má baà máa gbá fèrèsé.