Òkúta Tí LaMabuza Fi Pólíṣì Pa

Ọdún méjìlélógún ni LaMabuza fi tọ́jú yàrá tí wọ́n ń kó òkúta sí ní Barberton, ìlú wa tí wọ́n ti ń wa góòlù, èmi sì ni awakọ̀ tó ń kó wọn wá bá a. Òkúta gbọọrọ ni wọ́n, ẹ̀rọ ló gbẹ́ wọn jáde láti inú òkè wa, ọjọ́ orí wọn sì ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún. Bí o bá fi ọwọ́ dídọ̀tí kan ọ̀kan, ojú rẹ á rí nǹkan lọ́wọ́ LaMabuza.

Lọ́dún tó kọjá, Dókítà Nkambule, onímọ̀ nípa òkúta, ọmọ ìlú wa gan-an, rí epo díẹ̀ nínú ọ̀kan nínú wọn, irú epo tí nǹkan ẹlẹ́mìí nìkan máa ń fi sílẹ̀, ẹ̀rí pé nǹkan ẹlẹ́mìí ti wà láyé nígbà náà lọ́hùn-ún. Inú wa dùn dé góńgó. Ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ kéde rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ LaMabuza.

LaMabuza ti fi pólíṣì pupa pa ìloro, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe bí àlejò bá ń bọ̀. Dókítà gbé òkúta náà, ó ń dán.

"Màmá, kí lẹ fi pa á?"

"Pólíṣì ni, ọmọ mi. Èyí tí kò láwọ̀ ni o! Àbí o fẹ́ kí àlejò wá bá a ní funfun báláú bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara?"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà mí síṣẹ́."

Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Epo inú pólíṣì ló ti ń pè ní epo nǹkan ẹlẹ́mìí. Mo bínú sí ara mi. Ojú mi ló ṣe ń fi pólíṣì nù wọ́n, tí mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹni ń ṣe ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́ ló ń ṣe wọ́n.

"Ṣé kò ṣeé fọ̀ ni?" LaMabuza ti ń fi etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nu òkúta náà.

"Ó ti wọnú rẹ̀, Màmá. Ibi tí a ti gbẹ́ ẹ, àwọn tó ń wa góòlù ti fọ́ ọ túútúú."

"Ìyẹn ni pé kò sí nǹkan ẹlẹ́mìí kankan níbẹ̀ rárá?"

"Ó lè wà. Ó lè má sí. A ò lè mọ̀ mọ́ láéláé."

Dókítà ò bú u, ó tiẹ̀ dì mọ́ ọn. Ì bá sàn kó bú u. Kò sẹ́ni tó lé e lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ní wákàtí tí Dókítà ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ṣìnà, LaMabuza bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ohun tó wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀," ó ní, "èmi ni mo wá pa á."