Omi tí wọ́n dà sí kànga Òkè-Àpáta

Ẹni tó bá rí Rodiat lórí ọ̀kadà láàárọ̀, tó di báàgì mọ́ àyà gba ọ̀nà Sèmè-Kpodji lọ, á rò pé owó ló wà nínú báàgì náà. Kọ̀ǹpútà ni. Ó ní òun lè sọ wúrà ọrùn òun nù kí òun tó sọ ọ́ nù, ẹni tó bá sì mọ bí Rodiat ṣe fẹ́ràn wúrà tó á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló sọ yẹn.

Ilé iṣẹ́ tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní Kùtọnu níbí, iyanrìn ni ilẹ̀ wa, èèyàn á gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, omi á yọ. Àmọ́ lókè lọ́hùn-ún, ní agbègbè Ṣábẹ̀ tí wọ́n ti bí ìyá rẹ̀, orí àpáta ni ilẹ̀ jókòó lé. Wọ́n á gbẹ́ kànga jìn títí, omi ò ní wá, bẹ́ẹ̀ omi wà níbẹ̀, àpáta ló há a mọ́. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń gbé sórí kàmíọ̀nù akẹ́rù, tó ń fi agbára ti omi wọ inú irú kànga bẹ́ẹ̀ títí àpáta ìsàlẹ̀ á fi là, kí omi tó há lè rí ọ̀nà jáde. Kì í ṣe gbogbo kànga ló ń gbà fún un o. Nígbà mìíràn wọ́n á ti omi títí, àpáta ò ní mira.

Iṣẹ́ Rodiat ni láti sọ ibi tí kàmíọ̀nù yóò lọ. Ó kó ìròyìn gbogbo kànga tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún rí sínú kọ̀ǹpútà: irú àpáta ibẹ̀, bí kànga ṣe jìn sí, ibi tí omi dúró sí nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán, àti bóyá omi padà wá tàbí kò wá. Kọ̀ǹpútà fi ìyẹn kọ́ ẹ̀kọ́, ó wá ń wo àwọn kànga tí a kò tíì fọwọ́ kàn, ó ń sọ èyí tó lè gbà. Ọmọ ilé-kéú òun ni Rodiat ń pè é, nítorí pé ohun tí o bá kà fún un ló máa kà padà fún ọ, ì báà jẹ́ àṣìṣe. Ẹ̀rín ló fi ń ṣe.

Lọ́dún yìí, wọ́n háyà ẹ̀rọ náà nígbà tí òjò ti sún mọ́lé, abúlé kan ṣoṣo ni wọ́n lè dé kí òjò tó ba ọ̀nà jẹ́. Kọ̀ǹpútà ní Òkè-Àpáta ni, kó tó wá kan Ìdí-Ayin tó wà nítòsí ibẹ̀. Inú Rodiat dùn débi pé ó tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Òkè-Àpáta ni abúlé ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni Rasidat, àbúrò ìyá rẹ̀, ti ń rìn lọ sódò tó jìnnà kó tó rí omi mu, àgbàlagbà obìnrin. Rodiat kò sì ṣe ojúsàájú kankan.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Àdìzátù, ń gbé. Bó ṣe gbọ́, ńṣe ló pàtẹ́wọ́, ó ń ṣàdúà fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí, títí kan kọ̀ǹpútà.

"Mo mọ̀ pé kànga yẹn ò ní dójú tì wá," ló wí. "Ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán, èmi náà wà nílé. Gbogbo obìnrin ló gbé omi ilé ẹ̀ wá. A dà á sí i títí omi fi ń dán lókè."

Àṣà wọn ni. Wọn kì í fi ọ̀nà ọ̀fun gbígbẹ kí kànga tuntun káàbọ̀, bí wọn kì í ti í ṣe é fún ìyàwó. Rodiat rọra bi í pé ìgbà wo ni àwọn tó ń wọn omi wá. Ìyá ní ilẹ̀ ti ṣú sí wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n padà wá.

Inú Rodiat ṣàdédé bàjẹ́. Omi tí àwọn obìnrin dà síbẹ̀ ni wọ́n wọ̀n! Àpáta tí kò ní ojú kankan kò jẹ́ kí ó ṣàn lọ, ni kọ̀ǹpútà bá rò pé kànga náà ní omi tirẹ̀. Ó wù ú kó jẹ́ pé òun ò bèèrè. Ta ló máa mọ̀? Bí kàmíọ̀nù bá lọ tí omi ò wá, àpáta ni gbogbo èèyàn máa dá lẹ́bi. Àmọ́ àwọn ará Ìdí-Ayin á tún lo ọdún kan pẹ̀lú omi ẹrẹ̀ lásán.

Ó kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀, kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. 

"Èmi ni mo wá fi ẹnu ara mi gba omi lọ́wọ́ àbúrò mi," ni ìyá wí, ó sì wọlé lọ.

Rodiat wá sọ fún Benjamin, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ìyẹn kò sì bínú. Ohun tó bi Rodiat ló le jù: "Ìyá Islamiyat, nínú àwọn kànga yòókù, ta ló máa sọ èyí tí wọ́n da omi sí fún wa?" Rodiat mọ̀ pé kò sí obìnrin abúlé tó máa rojọ́ àṣà ilé rẹ̀ fún akọ̀wé tí kò mọ̀ rí. Ìyá òun ni wọ́n máa dá lóhùn, ìyá òun sì rèé, kò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́.

Rasidat ló yanjú rẹ̀. Rodiat pè é lórí fóònù, kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Rasidat ní kó gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n òun, ó sì sọ fún un pé bí ẹ̀rọ bá wá tí kò rí omi, kò sẹ́ni tó máa tún gbé òmíràn wá sí Òkè-Àpáta láéláé, àti pé Ìdí-Ayin sún mọ́ òun ju odò lọ. Àdìzátù gbọ́ tán, ó ní kí wọ́n fún òun ní nọ́ńbà fóònù àwọn abúlé yòókù.

Kí ẹ wá gbọ́ ọ lórí fóònù. "Ẹ dà á àbí ẹ ò dà á? Ẹ má purọ́ fún mi o, ọmọ mi ló ń bèèrè." Àwọn kan ti dà á, àwọn kan ò dà á, àwọn mìíràn dà á lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n tán, bí ti Ìdí-Ayin. Rodiat yọ gbogbo ìwọ̀n tí omi ìkíni-káàbọ̀ ti dà rú, ó sì tún fi èyí tó kù kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́kọ̀ọ́. Òkè-Àpáta bọ́ sísàlẹ̀, Ìdí-Ayin bọ́ sókè.

Lọ́jọ́ tí kàmíọ̀nù máa gbéra, ìyá ti wà nínú ọkọ̀ kí Rodiat tó dé, ó gbé ike omi Kùtọnu sórí itan. Ní Ìdí-Ayin, wọ́n ti omi wọlẹ̀ títí ilẹ̀ fi kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn, omi àpáta sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Àwọn obìnrin ti gbé abọ́ omi ilé wọn dé, Rasidat wà láàárín wọn. Àdìzátù dojú korobá dé lẹ́bàá ẹnu kànga, ó jókòó lé e, ó fi ọwọ́ bo ẹnu páìpù. Ó ní ẹni tó bá da ẹ̀kán omi kan síbẹ̀, òun àti onítọ̀hún ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó dà á.

Rodiat wọn omi náà. Ó pọ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ṣé ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀?" ni ìyá bi í.

"A ti kọ ọ́, Ìyá."

Ìgbà náà ni ìyá ṣí ike rẹ̀, tó rọra da omi sínú kànga, tó ń kí i káàbọ̀. Nígbà tó kù ìdajì, ó dúró. Ó dé ike náà padà, ó sì gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ti Òkè-Àpáta nìyí," ló wí. "Bá mi tọ́jú ẹ̀ di ọjọ́ tí kànga ibẹ̀ máa lómi. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n o."