Ajá Mi Tí Kò Ní Nọ́ńbà Lọ́rùn

Wọ́n gba ajá mi, wọ́n fi í fún ẹlòmíràn lójú mi, ní ọ̀sán gangan, nílé ìwòsàn ẹran tí èmi gan-an ti ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Màá to ẹ̀ṣẹ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní Ìkẹ́rẹ́. Lọ́dọọdún ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, kò ní ẹlẹ́rìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yẹn. A ó tún padà síbẹ̀, pẹ̀lú ìtìjú.

Ajá pupa ni, akọ, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ funfun díẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ni dókítà ẹran mú ohun kan jáde tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ó ní ṣíìpù ni, pé abẹ́rẹ́ lòun máa fi tì í sábẹ́ awọ ọrùn ajá, nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀. Bí ajá bá sọnù, tí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá, ẹ̀rọ á ka nọ́ńbà náà, orúkọ àti fóònù mi á sì yọ lórí kọ̀ǹpútà.

"Prófẹ́," ó ní, "ajá kò lè sọ pé ilé báyìí ni mo ti wá. Èyí ló máa bá a sọ ọ́."

N kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò já a ní koro. Ẹ̀kọ́ ni mo fi san án. Mo ní ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń ṣe irú èyí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ aládùúgbò rẹ̀. Mo ní níbí, ajá mi mọ ilé, àdúgbò sì mọ ajá mi. Mo sọ̀rọ̀ títí obìnrin tó gbé ewúrẹ́ wá lẹ́yìn mi fi wá ìjókòó. Dókítà dá ṣíìpù rẹ̀ padà sínú páálí, ó ní, "Kò burú, sà." Mo rò pé mo ti borí.

Kò ju oṣù díẹ̀ lọ, mo gbé ajá sẹ́yìn ọkọ̀, mo ń lọ sí oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Èmùré. Ìyàwó mi ní kí n so ó. Mo ní ajá tó gba ẹ̀kọ́ ilé kì í sá. Táyà jò lójú ọ̀nà. Bí mo ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀yà kan ré kọjá, ẹ̀kọ́ ilé bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìrù funfun yẹn ni mo rí kẹ́yìn, láàárín igi kòkó.

Oṣù kẹrin tó ti sọnù ni ẹnì kan pè mí pé òun rí ajá tó jọ ọ́ lọ́dọ̀ bàbá àgbẹ̀ kan ní Èmùré. Ó di kí n wá ẹlẹ́rìí. Yàtọ̀ sí ará ilé mi, ẹni kan ṣoṣo tó ń rí ajá yẹn lójoojúmọ́ ni aládùúgbò mi tí ògiri rẹ̀ wọ ilẹ̀ mi ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Mo wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ sì ni wàhálà wà, torí nílẹ̀ wa, ẹni tí a bá ń bínú sí la máa ń fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí. Òwe ni mo sọ ajá mi, òwe gígùn kan nípa àwọn tí ojú kì í tì. N kò ní kọ ọ́ síbí, ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ti tó mi. Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró ti ògiri yẹn, tí màá fi ohùn tó lè dé ọjà pe ajá wá jẹun.

Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jẹ́rìí pé ajá mi ni."

"Ajá wo, Tíṣà?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Èyí pupa."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo yíjú sí ògiri.

"Ẹ pè é kí n gbọ́. Ṣebí ọdún mẹ́ta lẹ ti ń pè é kí n máa gbọ́."

Mo pè é, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní, "N kò mọ ajá kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi lẹ ń bá wí, mo rò." Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Èmi nìkan ló lọ sí Èmùré, pẹ̀lú àwòrán inú fóònù. Nígbà tí mo yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, ojú mi ló kún gbogbo wọn. Etí ajá kan wà níbì kan, ààbọ̀ ìrù wà níbòmíràn.

Bàbá àgbẹ̀ náà ní, "Tíṣà, ẹ wọ ulé." Kí n tó wọlé, ajá ti sáré wá bá mi, ó ń jùrù, ó ń lá mi lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ rí i fúnra yín."

"Mo rí i. Bó ṣe ṣe sí ẹni tó gbé gáàsì wá lánàá náà nìyẹn." Ó fi àwòrán mi sójú, ó tún mú un jìnnà. "Ẹ̀yin ni mò ń rí níbí."

Ó ní òun he é lẹ́bàá oko, ẹ̀gún wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òun bèèrè káàkiri, wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó jáde. Nígbà tí dókítà ajá wá fún àwọn ajá ìlú ní abẹ́rẹ́, òun ní kó fi nọ́ńbà sí i. "Kó má tún sọnù mọ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ bá dókítà, kó kà á."

Èmi ni mo fi ọkọ̀ mi gbé wọn lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Dókítà kan náà ni. Ó fi ẹ̀rọ ra ọrùn ajá, ẹ̀rọ dún, orúkọ bàbá yọ.

"Dókítà, ẹ̀yin lẹ fún ajá yìí ní abẹ́rẹ́ níbí. Ẹ kò dá a mọ̀?"

"Sà, ajá pupa tí mo ti rí kò lóǹkà. Mo kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ṣíìpù sí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà sínú páálí.

Mo gbé wọn padà sí Èmùré. Orí itan bàbá ni ajá sùn sí. Bàbá fún mi ní uṣu mẹ́ta láti oko rẹ̀, ó ní kí n máa wá kí i nígbàkigbà.

Nítorí náà, mo ń bèèrè ìdáhùn. Dókítà, kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ rọ̀ mí, nígbà tí ẹ mọ̀ pé alákọ̀wé ni mí? Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú orúkọ àwọn ajá lórí kọ̀ǹpútà, níbo ni ẹni tó sọ ajá nù lè kọ ọ́ sí, kí ẹ tó fi í fún ẹlòmíràn? Aládùúgbò mi, ìgbà wo lẹ máa gbé ògiri yẹn kúrò? Àti olùkọ́ ìtàn kan ní Ìkẹ́rẹ́, tó ń pariwo pé ohun tí a kò kọ kò ní ẹlẹ́rìí: wọ́n mú ohun ìkọ̀wé wá bá ọ, ó kéré bí hóró ìrẹsì, kí ló ṣe ọ́ tí o kò kọ? Orí ìwé ni mo ti fẹ́ gbogbo ìdáhùn. Ẹni tí mo dárúkọ kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ dáhùn.